Ẹ̀fẹ̀: Ìpìlẹ̀ Orúkọ Orin Òru Kan ní Ilẹ̀ Kétu

Ní Kétu àti ní àwọn ìletò tí ó yí i ká lórí ilẹ̀ òkè pẹrẹsẹ ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Benin, ọ̀sán kọ́ ni ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Òru ni a fi ń ṣí i, orin ni a sì fi ń ṣí òru náà. Orin yìí ni à ń pè ní Ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ náà ni orúkọ ẹni tí ó wọ aṣọ eré tí ó ń kọ ọ́. Òru tí a fi ń ṣe é sì ni òru Ẹ̀fẹ̀. Àwọn ará ìlú a máa bẹ̀rù ohun tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde, nítorí pé kò sí ẹni tí kò lè fi ọ̀rọ̀ kàn, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe ìjòyè.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kúrò ní Kétu, tí ó lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Èkìtì, níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ti í ṣe eré ìbílẹ̀, tí ó sì béèrè ohun tí ẹ̀fẹ̀ jẹ́, èsì kan ṣoṣo ni yóò gbà: àwàdà ni. Ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ni. Báwo ni orúkọ àwàdà ṣe wá di orúkọ orin tí ìlú ń bẹ̀rù?

Ìbéèrè yìí ti mú kí àwọn kan ṣìnà sí apá méjì. Àwọn kan fi ojú yẹpẹrẹ wo orin náà nítorí orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní eré ìdárayá lásán ni. Àwọn mìíràn, nítorí pé wọ́n fẹ́ dáàbò bo iyì orin náà, a máa gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n a sì máa wá àṣírí jíjinlẹ̀ kan láàárín ègé rẹ̀. Bí a bá fi ara balẹ̀ wo ìró ọ̀rọ̀ náà, ibi tí a ti ń lò ó, àti ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ nípa rẹ̀, a ó rí i pé kò sí ìdí fún ọ̀nà méjèèjì.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní òru Ẹ̀fẹ̀

Gbàgede ọjà ni eré náà ti sábà máa ń wáyé. Ibi tí àwọn obìnrin ti ń ná owó, tí wọ́n sì ń pa èrò pọ̀ lọ́sàn-án, ibẹ̀ náà ni a ti ń bọlá fún wọn lóru. Ẹ̀fẹ̀ kì í déédéé jáde. Àwọn aṣíwájú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àràbí Ajígbálẹ̀ a gbá ojú agbo mọ́. Agbéná a gbé iná lérí wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Apaná yóò jáde láti pa iná náà, nítorí pé bí ó bá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, iná kò tún gbọdọ̀ tàn lójú agbo mọ́. Tètèdé, tí ó múra bí obìnrin, yóò dé, yóò sì pe Ẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ bá dáhùn tí ó sì jáde, ìjúbà ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. A júbà àwọn òrìṣà, a júbà àwọn tí ó ti kọjá lọ, a júbà àwọn ìyá. Lẹ́yìn èyí ni yóò wúre fún ìlú, tí yóò rántí àwọn tí ó kú, tí yóò ka ìtàn ìlú, tí yóò sì wá kan àwọn oníwà ìbàjẹ́ lára: olè, alágbèrè, ẹni tí ó fi ipò rẹ̀ rẹ́ni jẹ. Ẹ̀rín a sọ láàárín agbo, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí kì í lè rẹ́rìn-ín.

Ta ni ó fún un ní àṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin ni ó ń kọrin, ọkùnrin ni ó sì ń gbé ère lérí jó, kódà nígbà tí ère náà bá jẹ́ ti obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní olórí obìnrin, èyí ni Ìyálàṣẹ, àwọn ìyá tí a ń wárí fún sì ni àṣẹ ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ẹ̀fẹ̀ ni ẹnu tí àwọn ìyá fi ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ohun tí ó bá sọ lóru náà kì í fi í di ẹjọ́ sí i lọ́rùn nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Àwọn orúkọ tí ó ṣí ara wọn payá

Kí a tó yẹ ọ̀rọ̀ náà ẹ̀fẹ̀ wò, ó dára kí a kọ́kọ́ wo orúkọ àwọn tí ń jáde ṣíwájú rẹ̀, nítorí pé wọ́n lè kọ́ni bí a ti ń tú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Agbéná: a- ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ń tọ́ka sí olùṣe, gbé ni ọ̀rọ̀-ìṣe, iná ni ohun tí a gbé. Apaná: a-, pa, iná. Ajígbálẹ̀: a-, jí, gbá, ilẹ̀. Tètèdé: tètè, dé. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí a nílò láti túmọ̀ àwọn orúkọ wọ̀nyí fún. Ègé kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ohùn orí ègé kọ̀ọ̀kan bá ti ọ̀rọ̀ tí a sọ pé ó jẹ́ mu. Àpapọ̀ ìtumọ̀ náà sì bá iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe lójú agbo mu.

Ohun mẹ́ta yìí ni ó yẹ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n: ègé, ohùn, àti ìlò. Bí ọ̀kan bá kùnà nínú wọn, ìtumọ̀ tí a fún ọ̀rọ̀ kò dúró.

Ìrísí ọ̀rọ̀ náà ẹ̀fẹ̀

Ọ̀rọ̀ náà ní fáwẹ̀lì kan níwájú, kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì kan tẹ̀lé e. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí fáwẹ̀lì méjèèjì. Irú ọ̀rọ̀-orúkọ báyìí pọ̀ ní èdè Yorùbá, a sì mọ bí a ti ń ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti ara bẹ̀ ni a ti rí ẹ̀bẹ̀. Láti ara ṣẹ̀ ni a ti rí ẹ̀ṣẹ̀. Láti ara gàn, ẹ̀gàn. Láti ara tàn, ẹ̀tàn. Láti ara kọ́, ẹ̀kọ́. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí, ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà nígbà tí a fi àfòmọ́ ẹ̀- mọ́ ọn. Ohùn òkè ni ó wà lórí kọ́, ohùn òkè náà ni ó sì wà ní ìparí ẹ̀kọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí bẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ẹ̀bẹ̀.

Ìlànà yìí nìkan ti tó láti ti àwọn àbá kan sẹ́yìn. Bí ẹnìkan bá sọ pé ẹ̀fẹ̀ wá láti inú fẹ́, nítorí pé ìlú fẹ́ràn orin náà, ohùn kò gbà. Bí ẹlòmíràn bá so ó pọ̀ mọ́ afẹ́, nítorí pé ayẹyẹ ni, tàbí mọ́ afẹ́fẹ́, nítorí pé atẹ́gùn òru ni ó ń gbé ohùn olórin lọ sí ọ̀nà jíjìn, ohùn kò gbà pẹ̀lú. Ohùn òkè ni ó wà lórí fẹ́ nínú gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kò sì sí ohun tí ó lè sọ ọ́ di ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹ̀fẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ohùn rẹ̀ bá a mu ni fẹ̀, bí a ti ń sọ pé ọ̀nà fẹ̀ tàbí pé ilé fẹ̀. Ó rọrùn láti wá sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a là fẹ̀, tí a kò fi mọ sí ibi tóóró. Ègé gbà á, ohùn sì gbà á. Síbẹ̀, ìrísí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀wà tí à ń jẹ ní ìrísí kan náà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé láti ara wà ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ so ẹ̀fẹ̀ mọ́ fẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ibì kan hàn tí a ti ń lo fẹ̀ fún ọ̀rọ̀ sísọ tàbí fún ẹ̀rín. Títí di ìgbà náà, ìbáramu ni, kì í ṣe ìpìlẹ̀.

Ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀fẹ̀ àti gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó ń bá ẹ̀fẹ̀ rìn, èyí ni gẹ̀lẹ̀dẹ́, ni àwọn onímọ̀ ti tú jù. Ìtumọ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni èyí tí Henry John Drewal àti Margaret Thompson Drewal gbé jáde nínú ìwé wọn ti 1983. Wọ́n pín in sí mẹ́ta: gẹ̀, èyí tí í ṣe kí a tu ènìyàn lójú, kí a kẹ́ ẹ, ẹ̀lẹ̀, èyí tí ó ń tọ́ka sí ibi ìkọ̀kọ̀ obìnrin àti agbára ìbímọ tí ó wà níbẹ̀, àti dẹ́, kí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú nǹkan rọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ bá ète ọdún náà mu gan-an, nítorí pé láti tu àwọn ìyá lójú ni a ṣe ń ṣe é.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n mẹ́ta tí a ti sọ wọ̀n ọ́n, ìlò gbà á. Ègé àti ohùn ni ó mú ìṣòro wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí gbogbo Yorùbá mọ̀ fún ohun tí ó rọ̀ ni dẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ sì ni ó wà lórí rẹ̀. Ohùn òkè ni ó parí gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lẹ́yìn èyí, bí a bá fẹ́ sọ gbólóhùn ìṣe di orúkọ, a sábà máa ń fi àfòmọ́ ṣíwájú rẹ̀, bí a ti rí i nínú Agbéná àti Apaná. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní àfòmọ́ kankan.

Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá tí ó bá fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀ tó àwọn tí ó fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Àpètúnpè ni àwọn kan, a yá àwọn mìíràn láti inú èdè ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ń ṣe àfarawé ìró tàbí ìrísí. Àwọn orúkọ ìlù wà nínú wọn: dùndún, gángan, gúdúgúdú, bẹ̀ǹbẹ́, bàtá. Nínú ìdílé ọ̀rọ̀ báyìí ni gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi ìrísí jọ ará ilé, kì í ṣe nínú ìdílé ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjèèjì tí ń rìn pọ̀ lójú agbo kò rìn pọ̀ nínú èdè. Ẹ̀fẹ̀ ní ìrísí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìrísí ohun tí à ń wò tàbí tí à ń gbọ́.

Ohun tí ìtàn ń sọ

Àwọn ará Kétu kò ṣe àjèjì sí fífi ìtàn ṣe àlàyé orúkọ. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀, ìtàn so ó mọ́ iké kan: bí kò ti sí ẹni tí ó lè tẹ́ iké abuké, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè tú ìlú náà. Irú ìtàn báyìí kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe ìwé gírámà. Ohun tí ó wúlò nínú rẹ̀ ni ohun tí àwọn tí ń sọ ọ́ kà sí òtítọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ìtàn méjì ni ó gbajúmọ̀ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ìdílé ọba Kétu. Ọba wàjà, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì sì ń du oyè. Ọ̀kan nínú wọn sá lọ sí Ìlọ́bí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wá pa á lóru, ó fi igi àti ìkarahun ìgbín ṣe ère tí ń dún, ẹ̀rù sì ba àwọn ọ̀tá, wọ́n sá. Àwọn Drewal gbà pé ìparí sẹ́ńtúrì kejìdínlógún ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu. Ìtàn yìí ṣe àlàyé ìdí tí a fi ń lo òru, ère, àti ohun tí ń dún lẹ́sẹ̀. Kò ṣe àlàyé orúkọ.

Ìtàn kejì ti inú Ifá wá, òun ni ó sì kan ọ̀rọ̀ yìí jù. Yewájọbí, tí àwọn kan ń pè ní Yemọja, kò rí ọmọ bí. Ifá ní kí ó rúbọ, kí ó gbé ère igi lérí, kí ó so irin mọ́ ẹsẹ̀, kí ó sì jó. Ó ṣe é, ó sì bí ọmọ méjì. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin. Ó fẹ́ràn àwàdà àti orin, wọ́n sì fi Ẹ̀fẹ̀ pè é. Èkejì jẹ́ obìnrin. Ó sanra, ó sì mọ ijó jó bí ìyá rẹ̀, wọ́n sì fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pè é.

Kí ni ìtàn yìí kà sí òtítọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀? Ó kà á sí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ ohun tí ẹ̀fẹ̀ jẹ́. A fi Ẹ̀fẹ̀ pe ọmọ náà nítorí pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ti wà ṣáájú pẹ̀lú ìtumọ̀ àwàdà, orúkọ ọmọ náà kì bá tí ní ìtumọ̀. Bákan náà, ìtàn náà kò tú gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí ègé. Ó so ó mọ́ ìrísí ara àti ijó. Àwọn tí ó ń sọ ìtàn náà mọ ìyàtọ̀ tí ìrísí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi hàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní gírámà.

Ìrìn ìtumọ̀

Ibi tí a ti ń lo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́rìí sí èyí. Orin Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá: Kétu, Ọ̀họ̀rí, Ànàgó, Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa lónìí, Àwórì, àti àwọn ibi tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí tàn dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí í ṣe àwàdà kọjá ààlà yìí lọ jìnnà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ní ìtumọ̀ gbogboogbò níbi púpọ̀, tí ó sì ní ìtumọ̀ àkànṣe níbi díẹ̀ láàárín wọn, ìtumọ̀ gbogboogbò ni ó sábà máa ń jẹ́ àgbà. Nítorí náà, àwàdà ni ó ṣáájú; láti ara àwàdà ni orin ti gba orúkọ; láti ara orin ni olórin ti gbà á; láti ara olórin ni òru náà ti gbà á.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì nínú orúkọ orin Yorùbá. Ẹ̀wẹ̀, ẹkún ìyàwó ni à ń pe orin tí ọmọbìnrin ń sun nígbà tí ó bá fẹ́ lọ sí ilé ọkọ. Gbogbo ènìyàn mọ ohun tí ẹkún jẹ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé omi ojú nìkan ni ó wà nínú ẹkún ìyàwó. Ìdúpẹ́ wà níbẹ̀, oríkì wà níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ fún ìre àwọn òbí wà níbẹ̀. Ẹkún ni aṣọ tí orin náà wọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀fẹ̀ rí: àwàdà ni aṣọ, òtítọ́ ni ara tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ lójú ọ̀sán láìdá ìjà sílẹ̀, a lè fi ẹ̀rín gbé e jáde lóru, kí ó sì dé etí ẹni tí ó yẹ.

Nítorí náà, orúkọ náà kò bu orin kù rárá. Òun gan-an ni ó sọ ohun tí ó mú kí orin náà lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá mú àwàdà kúrò, ìbáwí ni yóò kù. Ìbáwí nìkan a sì máa fa ọ̀tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìparun Kétu

Ní 1886, nígbà ayé Glele, ọba Dahomey, ogun pa Kétu run, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú lọ sí Abomey gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Ìlú tí ìtàn ní kò sí ẹni tí ó lè tú u tú. Lẹ́yìn tí àwọn ará Faransé ti gba Abomey ní 1892, àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wálé, wọ́n sì tún fi ọba jẹ ní 1894. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1889, àdéhùn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pín ilẹ̀ náà: Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ́kọ tí ó jẹ́ ti Kétu rí bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ààlà yìí kò pín orin náà, ṣùgbọ́n ó pín bí a ti ń kọ orúkọ rẹ̀. Ní apá kan a rí «Guèlèdè», ní apá kejì «Gelede». Àmì tí ó wà lórí «Guèlèdè» kò tọ́ka sí ohùn rárá; bí a ti ń pe fáwẹ̀lì ni ó ń fi han ẹni tí ó gbọ́ Faransé. Ní 1974 ni a fọwọ́ sí ìlànà àkọtọ́ Yorùbá ní Nàìjíríà, ní 1975 sì ni Benin ṣe alífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ɛ̀fɛ̀ ni a ń kọ sí ìhà ìhín ohun tí a ń kọ ní ẹ̀fẹ̀ sí ìhà ọ̀hún. Lẹ́tà yàtọ̀, ohùn kò yàtọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí a bá fi àmì ohùn sí i, ẹni tí ó wà ní Ìmẹ́kọ àti ẹni tí ó wà ní Kétu lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí a bá yọ àmì ohùn, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún fẹ́, fún afẹ́, àti fún gbogbo àbá tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá di ti gbogbo ayé. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àtẹnudẹ́nu ìran ènìyàn, ní 2008 a sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ní São Paulo ní Brazil, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ti fi Geledés sọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ìjó àti ère ni àwọn àjèjì tètè ń rí. Wọ́n ṣeé yà ní fọ́tò, wọ́n sì ṣeé gbé sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Yorùbá náà sọ pé ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ṣùgbọ́n òwe náà, ti ojú ni ó sọ. Etí ni Ẹ̀fẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú, ẹni tí kò gbọ́ èdè kò sì lè ní ìpín nínú rẹ̀. Bí èdè bá rẹ̀yìn, ère yóò ṣì wà. Ẹ̀fẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dákẹ́.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìwé atúmọ̀-èdè tí a bá ṣe fún Yorùbá-Nàgó fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ojú kan náà, kí ó má ṣe pín wọn níyà bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn: ẹ̀fẹ̀, àwàdà, Ẹ̀fẹ̀, orin òru tí a fi àwàdà sọ òtítọ́ fún ìlú lábẹ́ àṣẹ àwọn ìyá, ẹni tí ń kọ ọ́, òru tí a ń kọ ọ́. Ọmọ tí ó bá kà á bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ yóò mọ̀ pé àwọn baba ńlá rẹ̀ kò ṣèèṣì sọ orin náà lórúkọ.